Ẹnu gègé tuntun ń họ ìwé: ibo la ti ń bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe rẹ̀?

AkọwéKékeré

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ra gègé oníyíǹkì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Irin ni ẹnu rẹ̀, nọ́ńbà 6 ni wọ́n pe bó ṣe tóbi tó. Ó wù mí lọ́wọ́, ó sì wúwo níwọ̀n, àmọ́ ó ń họ ìwé débi pé ẹni tó jókòó tì mí ń gbọ́ ọ. Tí mo bá fa ìlà wá sísàlẹ̀, kò burú. Tí mo bá fà á lọ sápá òsì, kò burú. Àfi tí mo bá ń lọ sápá ọ̀tún, ibẹ̀ ló ti ń gé bébà. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, lẹ́tà àkọ́kọ́ kì í jáde, àfi kí n tún un kọ.

Kò sí ẹni tó ń tún irú rẹ̀ ṣe ládùúgbò wa l'Abẹ́òkúta. Mo fẹ́ kọ́ ọ fúnra mi, kì í sì í ṣe torí gègé kan yìí nìkan. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, kí sì ni kí n rà?

Ọ̀dọ́Mushin

Kò le rárá. Lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń kun mọ́tò, ní kí wọ́n fún ẹ ní sáńpépà olómi, 2000. Fi omi rin ín, kí o wá máa fi gègé yẹn kọ nọ́ńbà 8 lé e lórí títí yóò fi dán. Mo rí i nínú fídíò kan.

ÀgbàGègé

AkọwéKékeré, jọ̀ọ́, má tíì fi sáńpépà kankan kan gègé yẹn. Ọ̀dọ́Mushin, mo mọ̀ pé ìrànlọ́wọ́ lo fẹ́ ṣe, àmọ́ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọkàn mi kò fi balẹ̀.

Kóró kékeré kan wà ní ṣóńṣó ẹnu gègé, tí wọ́n jó mọ́ irin tàbí wúrà. Mẹ́táàlì líle ni wọ́n pò pọ̀ ṣe é, bí osmium, ruthenium àti tungsten. Àwọn kan ṣì ń kọ iridium sára ẹnu gègé wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú rẹ̀ lónìí kò ní iridium nínú mọ́. Kóró yẹn nìkan ló ń kan ìwé. Lára gègé tó ń kọ ìlà tín-ín-rín, kò tó ìdajì mìlímítà. Ohun tí o bá fá kúrò lára rẹ̀, ó lọ nìyẹn. Iyanrìn orí sáńpépà 2000 tó nǹkan bíi micron 10 (ẹgbẹ̀rún micron ló wà nínú mìlímítà kan). Èyí tí a fi ń dán ẹnu gègé jẹ́ micron 1, nígbà míì 0.3. Sáńpépà oníkíkùn mọ́tò yóò jẹ kóró yẹn kíákíá, yóò sì tún fi ojú ọgbẹ́ sí i lára.

Ìyẹn nìkan kọ́. Àmì tí AkọwéKékeré sọ ti fi àìsàn hàn. Ká ní ojú kóró ló rí họ́rọ́họ́rọ́, gbogbo ọ̀nà ni ì bá máa họ. Apá ọ̀tún nìkan ló ní ó ti ń họ. Ìlà tó la ẹnu gègé sọ ọ́ di eyín méjì. Tí eyín òsì bá wálẹ̀ ju tọ̀tún lọ, etí inú rẹ̀ á yọ síta, tí o bá sì ń lọ sápá ọ̀tún, etí yẹn ló máa ṣáájú, á wọ inú bébà. Tó bá jẹ́ ìgbà tí o ń lọ sápá òsì ló ń họ, eyín ọ̀tún ló wálẹ̀. Nínú gègé tí àwọn èèyàn ń kó wá bá mi pé ó ń họ, èyí tí eyín rẹ̀ kò dọ́gba ló pọ̀ jù. A kì í fá irú ìyẹn. Títì la máa ń tì í.

Kí o tó ná kọ́bọ̀, fọ gègé náà. Kán ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀ sínú ife omi tútù, máa fi kọ̀ǹfátà, ike inú gègé tó ń fa yíǹkì, fà á wọlé kí o tì í jáde, kí o wá fi omi lásán ṣan án. Òróró tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ máa ń kù nínú fíìdì, ìyẹn ohun tó wà lábẹ́ ẹnu gègé tí yíǹkì ń gbà kọjá, yíǹkì kì í sì í fẹ́ bá òróró rìn. Ìyẹn nìkan lè jẹ́ kí lẹ́tà àkọ́kọ́ rẹ padà wá. Lẹ́yìn náà, rọ yíǹkì tó mọ́ sí i. Yíǹkì Quink tí àwọn bàbá wa lò nílé ìwé ti wà láti 1931, ó sì dára fún ìdánwò títí dòní. Bébà náà ṣe kókó. Bébà ìwé ọmọ iléèwé máa ń ní òwú, òwú yẹn á sì há sáàárín eyín méjèèjì, á wá dà bíi pé gègé ló ní àrùn. Wá bébà kan tó dán díẹ̀, òun nìkan ni kí o máa fi dán an wò.

Ọmọ_Alágogo

Ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ yẹn, ojú lásán kò lè rí i. Bàbá mi ń tún aago ṣe. Awò tí wọ́n ń há sójú yẹn ni kí o wá, èyí tó ń sọ nǹkan di ńlá nígbà mẹ́wàá. Má wá èyí tó ju ìgbà ogún lọ. Ibi tó máa ń fi hàn kéré jù, ó sì máa ń sọ gègé tí kò ṣe nǹkan kan di aláìsàn lójú ẹni. Gbogbo atúnagogoṣe ló ní in, wọn á sì yá ọ lò tí o bá jókòó tì wọ́n.

Jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Nu yíǹkì ẹnu rẹ̀ kúrò. Kọjú ṣóńṣó gègé sí ara rẹ tààrà, kí fíìdì wà nísàlẹ̀, kí ohun funfun kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Wàá rí kóró náà bí ìdajì méjì. Ìsàlẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu.

Tíṣà_Ilọrin

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n. Nílé kéwú, a ṣì ń gé kálàmù láti ara ìtí koríko líle. Tí a bá ti fi ọ̀bẹ gé ẹnu rẹ̀ tán, a ó la àárín rẹ̀ díẹ̀, torí ojú ìlà yẹn ni tàdáà, yíǹkì tiwa, ń bá sọ̀ kalẹ̀. Tí ẹ̀gbẹ́ kan bá gùn ju èkejì lọ, òun náà á máa họ, a ó sì tún un gé. Inú mi dùn láti mọ̀ pé ìlànà kan náà ló wà nínú ti irin.

Ìkìlọ̀ kan ni mo ní. Ẹ má ṣe rọ tàdáà tí a fi ń kọ wàláà sínú gègé oníyíǹkì. Èédú lílọ̀ àti oje igi ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, yóò gbẹ mọ́ inú fíìdì pátápátá. Bẹ́ẹ̀ náà ni Indian ink tí àwọn ayàwòrán ń lò.

AkọwéKékeré

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti fọ̀ ọ́. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ti ń jáde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìgbà. Mo yá awò lọ́wọ́ atúnagogoṣe kan ní Ìtòkú. Lóòótọ́ ni eyín méjèèjì kò dọ́gba! Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, èyí tó wà lápá ọ̀tún ni mo rí tó wálẹ̀, òsì sì lẹ pè é. Èwo ni kí n tì?

ÀgbàGègé

Ohun kan náà la jọ ń rí. Tí ẹnu gègé bá kọjú sí ọ, òsì rẹ̀ ti bọ́ sí ọ̀tún rẹ. Eyín tí o rí nínú awò pé ó wálẹ̀ yẹn gan-an ni. Fi nǹkan sàmì sí i lọ́kàn kí o tó yí gègé padà, torí ọ̀pọ̀ ló ti ti eyín tó dára kúrò ní ipò rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń wá èyí tí kò dára.

Kí o tó tì í, wo abẹ́ rẹ̀ ná. Ṣé àárín fíìdì bọ́ sí abẹ́ ìlà gẹ́lẹ́? Tí ẹnu gègé bá yà díẹ̀ lórí fíìdì, fíìdì ló máa gbé eyín kan sókè ju èkejì lọ. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, fa méjèèjì jáde pọ̀, tò wọ́n bó ṣe yẹ, kí o tì wọ́n padà, kí o sì tún un wò. Iṣẹ́ lè parí síbẹ̀.

Tí wọ́n bá wà ní ipò, fi èékánná àtàǹpàkò ti eyín tó wálẹ̀ sókè láti abẹ́, nítòsí ṣóńṣó. Irin máa ń padà sẹ́yìn, nítorí náà tì í kọjá ibi tí o fẹ́ kó dúró díẹ̀, dá a dúró ná, kí o tó fi sílẹ̀. Wò ó nínú awò. Bí kò bá tíì tó, tún un ṣe, kí agbára rẹ fi díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Má fi pláyà kàn án. Ọwọ́ tó bá yára níbi iṣẹ́ yìí ló ń ba nǹkan jẹ́. Tó bá jẹ́ wúrà ni, títì díẹ̀ ti tó o, torí wúrà rọ̀ ju irin lọ.

Nígbà tí ojú méjèèjì bá ti bára mu, kọ̀wé. Bí o ṣe ń di gègé mú gan-an ni kí o ṣe dì í mú, má yí ọwọ́ padà torí ìdánwò. Ẹlòmíràn máa ń yí gègé sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ láìmọ̀, eyín kan ṣoṣo ló sì ń kan bébà. Irú gègé bẹ́ẹ̀ kò ní àìsàn rárá.

ÌyáPeckham

Ẹ kú ìjókòó, gbogbo ilé. Mo fẹ́ dáhùn ti lẹ́tà àkọ́kọ́ tí kì í jáde.

Gbé ẹnu gègé sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí o wo ìlà tó wà láàárín, láti ihò kékeré tó wà lórí ẹnu gègé dé ṣóńṣó. Ìlà tó dára máa ń fẹ̀ níwọ̀nba lẹ́nu ihò, á wá máa tín-ín-rín lọ, títí eyín méjèèjì yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra ní ṣóńṣó. Bí o kò bá rí ìmọ́lẹ̀ rárá, eyín ti fún mọ́ra jù, gègé á máa gbẹ. Bó bá jẹ́ ṣóńṣó ló fẹ̀ ju ẹnu ihò lọ, yíǹkì kò ní lè dé ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti já.

Fún èyí tó fún jù, bébà idẹ tín-ín-rín tó jẹ́ 0.05 mìlímítà ni wọ́n ń tà fún un. A ó fi í wọ inú ìlà, a ó fà á lọ, a ó fà á bọ̀ jẹ́jẹ́, láti ẹnu ihò dé ṣóńṣó. Ó tún ń kó òwú àti yíǹkì gbígbẹ kúrò. Bí o kò bá rí i rà, gééjì tí àwọn mẹkáníìkì fi ń wọn pílọ́ọ̀gì lè ní ewé kan tó tín-ín-rín bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ràn ẹ̀ púpọ̀, torí irin ni, ó lè họ inú ìlà, idẹ sì rọ̀ jù ú lọ. Bí o bá fẹ́ lò ó, má tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rárá.

Èyí tó fẹ̀ jù, tì eyín kan kọjá sábẹ́ èkejì díẹ̀díẹ̀, kí o ṣe ti òdìkejì náà, wọn á súnmọ́ra. Lẹ́yìn ìyẹn, tún wò ó bóyá wọ́n ṣì dọ́gba.

Ọ̀dọ́Mushin

Mo ti gbọ́ o, ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun. Mo lọ wo gègé mi lábẹ́ awò, eyín rẹ̀ ló yà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà wo gan-an ni fífá wá tó lò? Àwọn tó ń ta gègé lókè òkun ń ta Micro-Mesh náà, irú sáńpépà kan tó kúnná gan-an, wọn ò lè máa tà á lásán.

ÀgbàGègé

Ìbéèrè tó dára ni. Nígbà méjì péré ni mo máa ń mú un jáde.

Àkọ́kọ́ ni ìgbà tí eyín ti dọ́gba, tí ìlà dára, tí yíǹkì ń ṣàn, síbẹ̀ tí mo ṣì ń gbọ́ họ́họ́ ní gbogbo ọ̀nà, tí awò sì fi ibi tó ń yọ gọnbu hàn mí lára kóró. Ìkejì yàtọ̀ pátápátá. Gègé náà ń yọ̀ lórí bébà dáadáa, kò sì họ, ṣùgbọ́n ìlà àkọ́kọ́ kì í jáde, pàápàá lórí bébà dídán. Wọ́n ti dán etí inú eyín méjèèjì jù nílé iṣẹ́, ó ti rọ sínú, ibi tí ìlà ti jáde kò kan bébà mọ́. Kóró méjèèjì ló ń gbé e dúró, yíǹkì wà lókè, kò lè kan bébà. Àwọn èèyàn á máa dán irú rẹ̀ sí i pé kó lè jọ̀lọ̀, wọ́n sì ń fi kún àìsàn rẹ̀ ni. A ní láti fá ìsàlẹ̀ kóró náà pẹrẹsẹ díẹ̀, títí ẹnu ìlà yóò fi padà kan bébà.

Micro-Mesh 12000 kì í ṣe sáńpépà 12000 o, bí wọ́n ṣe ń ka tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀, nítorí náà ó máa ń yí etí nǹkan po. Ó dára fún kóró tó mú, kò dára púpọ̀ fún ti ìkejì tí mo sọ. Fún ìyẹn, fíìmù pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní lapping film ni mo máa ń tẹ́ sórí gíláàsì, micron 1, kí n tó fi 0.3 parí rẹ̀. Mi ò kì í fọwọ́ kan micron 3 àfi tí mo bá rí ibi tó yọ kedere.

Yíǹkì gbọ́dọ̀ wà nínú gègé nígbà tí o bá ń dán an. Máa kọ nọ́ńbà 8, kí o máa yí i díẹ̀ sápá òsì, sápá ọ̀tún, bí ọwọ́ èèyàn ṣe ń yí nígbà tó bá ń kọ̀wé. Ìwúwo gègé fúnra rẹ̀ ti tó, má tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn bíi mẹ́wàá, dúró. Nù ún, wò ó nínú awò, kọ̀wé lórí bébà ìdánwò. Tó bá ti dára, gbé fíìmù náà pamọ́ lójú ẹsẹ̀. Bí ìkan bá wù ọ́ kó tún jọ̀lọ̀ díẹ̀ sí i, rántí pé bébà ní láti di ẹnu gègé mú díẹ̀ kí yíǹkì tó lè jáde.

Àwọn kan wà tó ń fá kóró títí yóò fi yí ìrísí ìlà padà. Ní Japan, Nagahara Nobuyoshi ti iléeṣẹ́ Sailor ló mú Naginata Togi jáde, ẹnu gègé tó ń kọ ìlà tín-ín-rín tàbí ìlà fífẹ̀ bí o bá ṣe dá gègé sí. Mo bọ̀wọ̀ fún irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn o, kì í ṣe èyí tí à ń kọ́ níbí.

Olùkọ́_Fẹ̀yìntì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Gègé Parker 51 tí ọkọ mi fi ṣiṣẹ́ ìjọba wà lọ́wọ́ mi, wọ́n kọ Made in England sí i. Yíǹkì kò jáde dáadáa mọ́. Mo ń ka gbogbo ohun tí ẹ ń sọ, mo sì fẹ́ gbìyànjú ẹ̀ fúnra mi.

ÀgbàGègé

Ẹ káàsán, mà. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ìyẹn kọ́ṣẹ́. Ilé iṣẹ́ Parker ní ìlú Newhaven ni wọ́n ti ṣe ti England, wúrà sì ni ẹnu rẹ̀. Wọ́n bò ó mọ́ inú ike, díẹ̀ ló yọ síta, nítorí náà ẹ ò lè rí gbogbo ìlà rẹ̀ láìtú u. Shellac, irú àtè kan tó ń yọ́ nínú ooru, ni wọ́n sì sábà fi lẹ ike yẹn, iná jẹ́jẹ́ la fi ń yọ ọ́. Tí èèyàn bá fi agbára tú u, ike á là.

Èyí tí ẹ lè ṣe láìséwu ni pé kí ẹ ki ẹnu rẹ̀ bọ omi lásán mọ́jú, kí ẹ máa fà á, kí ẹ máa tì í jáde títí omi yóò fi mọ́. Yíǹkì tó ti gbẹ fún ọdún púpọ̀ ló sábà máa ń dí i, ó sì lè gba ọjọ́ mélòó kan kó tó jáde tán. Bó bá ṣì kọ̀, ẹ fún ẹni tó ti tú irú rẹ̀ rí.

ÌyáPeckham

Mà, ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ ni kí ẹ ṣe. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ọ lóòótọ́, ẹ ra gègé irin kan tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Ti Lamy Safari rọrùn, ẹnu rẹ̀ ṣeé fà jáde, òmíràn sì ṣeé rà lọ́tọ̀. Nọ́ńbà 6 bíi ti AkọwéKékeré náà dára, torí iléeṣẹ́ JoWo ní Berlin àti Bock ní Heidelberg ń ṣe ẹnu gègé tó tóbi bẹ́ẹ̀. Àmọ́ fíìdì wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, kí ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá ó bá gègé yín mu.

AkọwéKékeré

Ẹ̀gbọ́n, ó ti dọ́gba! Mo tì í, mo wò ó, mo tún tì í. Kò họ mọ́ rárá, mi ò sì fi fíìmù kankan kàn án. Mo fi kọ lẹ́tà sí ìyá mi, ojú ewé méjì, ọwọ́ mi kò sì dùn mí.

Ohun kan ló kù. Yíǹkì ti wá ń pọ̀ jù. Ìlà ti fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, etí rẹ̀ sì ń tàn ká bí òwú lórí bébà ìwé mi. Ṣé mo ti ṣí ìlà náà jù ni?

ÀgbàGègé

O kú iṣẹ́! Inú mi dùn gan-an.

Ó ṣeé ṣe. Bí a bá ti ń ti eyín kan, ìlà máa ń ṣí díẹ̀. Gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ bí ÌyáPeckham ṣe wí. Bó bá ṣì ń tín-ín-rín lọ sí ṣóńṣó, má fọwọ́ kàn án mọ́. Pààrọ̀ bébà ná, kí o sì gbìyànjú yíǹkì míì, torí yíǹkì kan máa ń ṣàn ju òmíràn lọ. Bí ṣóńṣó bá ti ṣí, fi ìka méjì tẹ èjìká méjèèjì ẹnu gègé, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tó ti fẹ̀ jù, mọ́ra díẹ̀, kí o wò ó nínú awò kí o tó tún un tẹ̀.

Má sì yára pinnu ní àkókò ọyẹ́ yìí. Ẹnu gègé tó bá wà ní ṣíṣí á gbẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ìwọ á sì rò pé ó ti fún jù. Máa dé e ní gbogbo ìgbà tí o bá dúró láti ronú, kí o tó mọ bó ṣe ń ṣàn gan-an.